Àwọn Ìràwọ̀ Òkun Tí Ẹnikẹ́ni Kò Pè

                                        Ẹ̀yìn Ilé Ìfìwéránṣẹ́ Àtijọ́,
                                        Kétu,
                                        Bẹ̀nẹ̀.
                                        Ọjọ́ Kọkàndínlógún, Oṣù Kẹwàá, 2024.

Ìyá Tolúwalàṣẹ, Wùnmí ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà? Bàbá Tolú ńkọ́, ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn ún ti sàn? Tolú fúnra rẹ̀ ńkọ́, ṣé ó ti ń lọ síléèwé láìsunkún? Ẹ kú òjò o. Gbogbo wa wà láàyè níbí, a dúpẹ́. Màmá mi ń kí ọ, ó ní o wá sí ọjà Kétu, o kò yà kí òun, òun sì rí ọ.

Ìwé ni mo kọ, torí gbogbo ilé yín ló máa ń gbọ́ ohùn tí mo bá fi ránṣẹ́ sí ọ. Ìwádìí tí mo ní kí o bá mi ṣe ní Pobè nípa àwọn ará ilé Carine, jọ̀wọ́, má ṣe é mọ́. Bí o bá ti bẹ̀rẹ̀, dá a dúró níbi tó dé. Jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀, mo mọ̀ pé o ó béèrè.

O rántí àpótí dígí tí Arnaud àbúrò mi gbé sí pálọ̀ wa, èyí tó kún fún omi òkun, níbi tó ti ń sin ẹja àti iyùn tó ṣì wà láàyè. Bí òkun ṣe jìnnà sí wa tó yìí, inú bídọ̀n ló ti ń gbé omi náà wá láti Kùtọnu. Nígbà tó ń lọ ṣe sítáàjì, iṣẹ́ ìkọ́ṣẹ́ rẹ̀, ní Parakou, èmi ló fi í lé lọ́wọ́. Ó ní kí n máa fún ẹja ní oúnjẹ díẹ̀ láràárọ̀, kí n má sì jẹ́ kí nǹkan kan ṣe iyùn náà. Kó tó lọ ni Carine, ọmọbìnrin tó fẹ́ fẹ́, mú òkúta òkun kan wá fún un, ó ní ẹ̀bùn ni.

Kò pẹ́ tí mo fi rí nǹkan kan lára dígí. Kò tó èékánná ọmọ ìka mi, ó funfun báláú, ó yọ ẹsẹ̀ bí ìràwọ̀, àwọn ẹsẹ̀ náà kò sì gùn dọ́gba. Mo rò pé ìdọ̀tí ni. Nígbà tí mo padà wò ó, ó ti kúrò níbi tó wà. Nígbà tó yá, wọ́n pọ̀ débi pé n kò lè kà wọ́n mọ́. Ẹnikẹ́ni kò rà wọ́n, ẹnikẹ́ni kò pè wọ́n. Inú òkúta Carine ni wọ́n fara pamọ́ sí wọlé. O mọ̀ mí, ara mi kì í gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Ni iyùn Arnaud bá bẹ̀rẹ̀ sí í funfun, ó ń súnkì, àwọn ìràwọ̀ yẹn sì yí ibi tó ń kú ká bí ẹni tó jókòó ti abọ́. Mo ní, ó parí. Ẹ̀bùn wo ló ń jẹ onílé? Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo wọlé bá Carine tó wá kí Màmá. Apá aṣọ rẹ̀ tutù dé ìgúnpá, ó ń ká nǹkan kan mọ́ inú áńkáṣíìfù. Mo bi í pé kí ló ń ṣe. Ó ní kò sí nǹkan kan, ó sì kúnlẹ̀ kí mi. Ìkúnlẹ̀ yẹn gan-an tún bí mi nínú, ó ti dùn jù. Ọjọ́ yẹn ni mo bẹ̀ ọ́ ní iṣẹ́ ìwádìí. Mo sì sọ fún Arnaud lórí fóònù pé kí a dá ọjọ́ ìdána dúró ná, pé ọwọ́ ọmọ náà kò mọ́. Láti ìgbà náà ni kò ti fi bẹ́ẹ̀ pè mí mọ́.

Mo wá pe Firmin tó ń ta ẹja ìsìn ní Kùtọnu, kí n lè ní ẹlẹ́rìí. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní irú àwọn ìràwọ̀ yẹn máa ń bá òkúta òkun wọlé, pé ọ̀pọ̀ wọn kì í pa nǹkan, èérí àti ohun tó ti ń kú ni wọ́n ń jẹ. Ó ní bí wọ́n bá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, oúnjẹ ló pọ̀ jù nínú omi, omi tó bàjẹ́ ló sì ń pa iyùn. Oúnjẹ kẹ̀? Èmi nìkan ló ń fún wọn, díẹ̀ náà sì ni. Ọkàn mi tún lọ sọ́dọ̀ Carine.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, mo ṣe bí ẹni ń lọ síléèwé tí mo ti ń kọ́ni, mo gba ẹ̀yìnkùlé padà wọlé, mo dúró sẹ́yìn kọ́tìnì. Màmá ni mo rí. Ó gbé ẹ̀kọ rẹ̀ wá, ó fa àga síwájú dígí. Àwọn ẹja wá bá a, wọ́n ń yanu, wọ́n ń pa á dé, bí ẹja ti máa ń ṣe.

"Ẹ jíire, ẹ̀yin àlejò," Màmá ní. "Mo rí yín. Èmi kì í dá jẹun lójú ẹni tó ń wò mí."

Ó bu ẹ̀kọ, ó jù ú sí wọn. Ó tún bu òmíràn.

Mo jáde, mo jókòó tì í, mo ṣàlàyé fún un. Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ti wá, ṣé kí òun máa wò wọ́n níran ni?

Mo pe Carine. Mo sọ ohun tí mo rí fún un. Ó wá ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti mọ̀ tipẹ́. Ẹ̀kọ yẹn ni mo ń kó jáde lọ́jọ́ tí ẹ bá mi. Ìyá wa ni. Báwo ni mo ṣe fẹ́ fẹjọ́ wọn sùn nínú ilé tí n kò tíì wọ̀?"

Ojú tì mí gan-an. Mo bẹ̀ ẹ́, mo bẹ Arnaud, ọjọ́ ìdána sì ti padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Iyùn náà ń bọ̀ sípò díẹ̀díẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé apá kan rẹ̀ ti lọ. Àwọn ìràwọ̀ ṣì wà níbẹ̀. Mo ṣì ń fura sí wọn.

Bá mi kí Bàbá Tolú, kí o sì gbá Tolú mọ́ra fún mi. Ohun kan ló kù. Mo gbọ́ pé àwọn ará ilé Carine náà ti ń ṣe ìwádìí tiwa, wọn ó sì dé ọ̀dọ̀ rẹ, torí wọ́n mọ̀ pé ọ̀rẹ́ ni wá. Bí wọ́n bá béèrè èmi, má purọ́ fún wọn, sọ pé mo máa ń fura. Bí wọ́n bá béèrè ìyá tí ọmọ wọn ń bọ̀ wá bá nílé ọkọ, sọ fún wọn pé kò lè jẹun lójú ẹja kó má pè é.

Tìrẹ ni mo ṣì jẹ́, pẹ̀lú ìtìjú mi,

Monísọ́lá.