Màmá Mi Ti Bá Mi Jẹ́wọ́

Olóòtú ètò orí rédíò wa ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìkẹ́rẹ́ ni mo ti ń kọ̀wé. Ẹ má dárúkọ mi, ojú ń tì mí.

Wọ́n ní mo jí jẹnẹrétọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wa. N kò jí i. Ní àgọ́ ọlọ́pàá, mo dákẹ́ bí òfin ṣe gbà mí láyè, mo ní ó di ìgbà tí lọ́yà mi bá dé kí n tó sọ̀rọ̀. Ni màmá mi bá wọlé, wọ́n kúnlẹ̀: "Ọ̀gá, ẹ dákun, kò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́!"

"Màámi, n kò ṣe é!"

"Dọ̀bálẹ̀ jàre! Ta ló bi ọ́ léèrè?"

Mo dọ̀bálẹ̀, mo tọrọ àforíjì. Ọlọ́pàá kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ pé mo ti jẹ́wọ́.

Lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀, tí ẹjọ́ mi máa dé kóòtù, màmá mi fẹ́ kó àwọn ìyá ìjọ lọ bẹ adájọ́. Ẹ̀yin olùgbọ́, báwo ni mo ṣe máa ní kí wọ́n jókòó sílé, tí wọn kò ní pè mí ní aláìlẹ́kọ̀ọ́?