Ẹ Má Ṣe Yọ Ẹ́ńjìnì Sìlíńdà Mẹ́fà Kúrò Nínú Wágọ̀n Mi

Ilé Kẹrìnlá,
Òpópónà Àwọn Oníṣẹ́-Irin,
Ẹ̀yìn Ilé-Ẹ̀rọ Pákó.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù kẹsàn-án.

Ọ̀gá Àgbà,
Àjọ Tó Ń Yẹ Ọkọ̀ Wò,
Yàrá Kejì, Àjà Kìn-ín-ní.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

ẸJỌ́ ÀTI Ẹ̀BẸ̀ LÓRÍ ÀṢẸ YÍN PÉ KÍ N PÀÀRỌ̀ Ẹ́ŃJÌNÌ TÓ BÁ WÁGỌ̀N MI WÁYÉ

1. Kí n tó bọ́ sórí ọ̀rọ̀, ó yẹ kí ẹ mọ ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí tí bàbá mi kú. Ìwé kejì ni mo kà mọ, nítorí kò sí ẹni tí yóò ra ìwé kẹta. Ọdún mẹ́ta ni mo fi sùn lábẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù kan tí kò ní táyà. Jáàkì yọ̀, ọkọ̀ jókòó lé mi lọ́wọ́, ìka méjì lọ. Omi gbígbóná inú ráńdíétọ̀ bó mi láyà. Ẹni tí a jọ dá ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ sílẹ̀ kó gbogbo sìpánà sálọ, èyí tó ti kán nìkan ló fi sílẹ̀ fún mi. Iná jó ṣọ́ọ̀bù kejì. Omi gbé ìkẹta lọ. Ìkẹrin ni mo wà yìí, bíríkì ni mo fi kọ́ ọ, òrùlé rẹ̀ sì ga débi pé ọkọ̀ akẹ́rù ń wọlé láìtẹrí ba. Mẹkáníìkì mọ́kànlélógún ló kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ mi tí wọ́n ti dá dúró, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí ọkọ̀ tó ṣe máa ń kú sójú ọ̀nà. Ilé òkè tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù náà, èmi ni mo ni ín. Ìyá ilé mi, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ló bá mi fi àmì sórí ọ̀rọ̀ inú ìwé yìí. Ó ní kí n yọ ọ̀rọ̀ ilé òkè kúrò, pé kò kan ẹjọ́. Mo ní kó fi í sílẹ̀. Ẹni tó fi ìka mẹ́jọ kọ́lé, ẹ jẹ́ kó sọ ọ́.

2. Ọkọ̀ tí à ń wí yìí, wágọ̀n aláwọ̀ ewé ni, èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ gùn bí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Sìlíńdà mẹ́fà ni ẹ́ńjìnì rẹ̀ ní, wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn lórí ìlà kan. Ọ̀gá tó ni ilé-ẹ̀rọ pákó ló kọ́kọ́ ni ín. Nígbà tí ẹ́ńjìnì náà gan, tí kò yí mọ́, ó fẹ́ fà á fún àwọn tí ń gé irin. Èmi ni mo dúró sí ẹnu ọ̀nà tí mo ní wọn ò ní í gé e. Ó ní, “Tóò, gbé e kúrò lójú mi.” Ó di ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n báyìí.

3. Nígbà yẹn, gbogbo ẹni tó ní irú wágọ̀n yìí ló ń yọ ẹ́ńjìnì rẹ̀ jù nù. Àwọn kan fi sìlíńdà mẹ́rin inú ọkọ̀ kékeré sí i nítorí epo, ọkọ̀ wá ń gun òkè bí arúgbó tó ru omi. Àwọn mìíràn fi sìlíńdà mẹ́jọ sí i nítorí ariwo, gíà já, férémù tẹ̀. Èmi nìkan ni mo sọ pé ohun tó bá ọkọ̀ wáyé ni kó bá a dàgbà. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi sọ mí di ẹni yẹ̀yẹ́: “Ọ̀gá, ẹ ta irin yìí kẹ́ ẹ sinmi!” Mo ní mi ò tà. Bí wọ́n ṣe sọ mí ní Bàbá Kòtà nìyẹn. Bí ẹ bá dé àdúgbò wa tí ẹ béèrè orúkọ tó wà nínú ìwé mi, wọ́n á ní àwọn ò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

4. Ẹ má rò pé mo kàn tọ́jú rẹ̀ kó máa dípẹtà. Mo tún un ṣe. Mo la ojú sìlíńdà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà fẹ̀ sí i, mo wá písítìnì tó tóbi ju ti àtijọ́ lọ sí i. Mo yọ kábúrétọ̀ kúrò, mo fi ẹ̀rọ tó ń fín epo sí sìlíńdà kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀ rọ́pò. Mo pààrọ̀ ohun tó ń fún un níná, mo fi ráńdíétọ̀ tó nípọn sí i, mo sì yí búrẹ́kì iwájú padà sí ti ìgbàlódé, nítorí agbára tí kò ní búrẹ́kì, ikú ló ń wá. Ọdún méjì ni mo fi ṣe é. Ẹ wá gbé ife omi tó kún sórí ẹ́ńjìnì yìí nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́. Bí ẹ̀kán kan bá dà, kí ẹ pè mí ní òpùrọ́. Kò sí ẹlòmíràn tó lè ṣe irú rẹ̀ láàárín ìlú yìí. Ẹni tó bá ní òun lè ṣe é, kó dìde.

5. Ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrin oṣù yìí, ọ̀dọ́mọkùnrin olùyẹ̀wò yín wá sí ṣọ́ọ̀bù mi fún àyẹ̀wò ọdọọdún. Bàtà funfun ló wọ̀ wá sí ilé mẹkáníìkì, mi ò bá a wí. Ó yẹ iná wò, ó yẹ búrẹ́kì wò, ó yìn mí. Lẹ́yìn náà ló tan tọ́ọ̀ṣì sára ẹ́ńjìnì, ohun tí àwọn tó ń wá ṣáájú rẹ̀ kì í ṣe, ó ní, “Bàbá, nọ́ńbà ẹ́ńjìnì dà?” Mo ní ó wà níbẹ̀. Ó ní, “Níbo, sà?” Mo ní níbi tó máa ń wà. Mo mú àkísà, mo nù ún. Mo da epo sí i, mo tún un nù. Ibẹ̀ ń dán bí orí apárí. Ó ní, “Bàbá, mo rí ojú ara mi níbẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò rí nọ́ńbà.” Oníbàárà mẹ́ta tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló bà mí nínú jẹ́, mo sì sọ lójú gbogbo wọn pé olùyẹ̀wò ló pa nọ́ńbà rẹ́. Ẹ̀yin Ọ̀gá, nọ́ńbà tí wọ́n fi òòlù tẹ̀ sára irin, ta ló lè dúró lójú mi kó pa á rẹ́? Mo mọ̀ nígbà tí mo ń sọ ọ́ lọ́wọ́ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ náà kàn lẹ ìwé pupa mọ́ gíláàsì iwájú, ó kí mi pé ó dàbọ̀, ó sì lọ.

6. Ohun tí ìwé pupa náà sọ ni pé wágọ̀n yìí kò gbọdọ̀ rìn lójú títì mọ́, pé láàárín ọjọ́ mọ́kànlélógún, kí n yọ ẹ́ńjìnì rẹ̀ kí n sì fi èyí tó ní nọ́ńbà sí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ ó gbé ẹ́ńjìnì, ẹ ó sì pa orúkọ ọkọ̀ náà rẹ́ nínú ìwé yín. Ọmọ mi ọkùnrin gbọ́, ó pè mí. Ó ní, “Bàbá mi, ẹ gbà fún wọn jàre. Sìlíńdà mẹ́rin tuntun ò jẹ epo tó bẹ́ẹ̀.” Mo ní, “Nínú gbogbo àwọn ọmọ mi, ìwọ lo jẹun jù. Ṣé mo pààrọ̀ rẹ?” Ó ní òun ò ní í bá mi jiyàn. Òun náà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti tán.

7. Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti lè jókòó. Bí mo bá kọ ìlà méjì nínú ìwé yìí, mo ń dìde lọ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, bí ẹni pé nọ́ńbà lè ti hù padà. Mo ń rìn láti ẹnu géètì dé ìdí wágọ̀n, láti ìdí wágọ̀n dé ẹnu géètì. Ìyá ilé mi ní òun á so mí mọ́ àga.

Kì í ṣe ti ọkọ̀ tí kò rìn ló ń jó mi lára bẹ́ẹ̀. Gbólóhùn kan wà nísàlẹ̀ ìwé pupa yín: “A fura pé ẹ́ńjìnì olè ni.” Láti ìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí, bí ẹnikẹ́ni bá gbé ẹ̀rọ tí kò níwèé wá bá mi, èmi fúnra mi ni mo ń lé e jáde. Gbogbo ẹni tó bá gba iwájú ṣọ́ọ̀bù kọjá ló ń ka gbólóhùn yẹn lára gíláàsì báyìí. Oníbàárà méjì ti wá wa ọkọ̀ wọn lọ láìtíì ṣe é tán. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá, ìyá oníbúrẹ́dì tí mo ti ń bá tún ọkọ̀ ṣe láti ọdún méjìlá pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, “Bàbá, ẹ má bínú o. Ẹ́ńjìnì tẹ́ ẹ bá mi fi sínú ọkọ̀ lọ́dún tó kọjá, níbo lẹ ti rí i?” Ohùn jẹ́jẹ́ ló fi béèrè. Ká ní ó pariwo mọ́ mi ni, ì bá sàn fún mi.

8. Ní ọjọ́ kẹta tí olùyẹ̀wò yín lọ ni mo rántí ohun tó ṣẹlẹ̀, n ó sì sọ ọ́ bó ṣe rí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyá ilé mi àti ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn nìkan ni mo tíì sọ ọ́ fún. Nígbà tí mo ń tún ẹ́ńjìnì yìí ṣe, tó ti ń rìn ṣùgbọ́n tí mi ò tíì fi ráńdíétọ̀ tó nípọn sí i, àbúrò mi obìnrin kó kúrò nílé, ó sì bẹ̀ mí kí n bá òun kó ẹrù. Ó di kọ́bọ́ọ̀dù méjì, fíríìsà àti ara rẹ̀ sínú wágọ̀n, a sì gun òkè lọ́sàn-án gangan. Omi hó, orí ẹ́ńjìnì tẹ̀. Mo gbé ẹ́ńjìnì lọ fún onílẹ́ètì, ẹni tó ń fi ẹ̀rọ fá irin, kí ó fá ojú ibi tí orí ẹ́ńjìnì ti ń jókòó lé ara rẹ̀, kó lè tún gún régé. Onílẹ́ètì yìí wò ó, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, nọ́ńbà wà létí ibí yìí o. Tá a bá fá a, ó lọ nìyẹn.” Mo dá a lóhùn pé, “Ṣé nọ́ńbà ló ń wa mọ́tò ni? Fá a!” Ó fá a. Mo tún yìn ín pé iṣẹ́ náà dára.

Nítorí náà, èmi ni mo pa á rẹ́. Nítorí kí n má baà pààrọ̀ ẹ́ńjìnì yìí ni mo ṣe fá a, fífá tí mo fá a náà ló sì sọ ọ́ di ẹ́ńjìnì olè lójú yín. Onílẹ́ètì náà ṣetán láti wá jẹ́rìí. Ó bẹ̀ mí pé kí n má sọ fún yín pé òun kìlọ̀ fún mi, kó má dà bí ẹni pé òun ń fi àgbà ṣẹ̀sín. Síbẹ̀, mo sọ ọ́, torí pé ó kìlọ̀ fún mi lóòótọ́.

9. Nísinsìnyí, ẹ̀rí wà, ọwọ́ yín ló sì wà. Ní ọdún mọ́kàndínlógún sẹ́yìn, ọkọ̀ akẹ́rù kan kọlu wágọ̀n yìí. Ara ẹ́ńjìnì là lẹ́gbẹ̀ẹ́ sìlíńdà karùn-ún. Gbogbo ènìyàn ní kí n lọ jù ú nù. Wẹ́dà olójú kan tó ti di olóògbé báyìí ló bá mi fi iná yá irin náà títí ó fi pọ́n, ó lẹ̀ ẹ́, ó sì fi eérú gbígbóná bò ó fún odidi ọjọ́ méjì kó má baà tún là. Ojú àlẹ̀mọ́ náà gùn tó ìka mẹ́ta, ó sì ṣẹ́ kọ́rọ́ níparí. Olùyẹ̀wò yín ìgbà náà, ìyá kan tó ga tí kì í rẹ́rìn-ín, wá wò ó nígbà tí ẹ́ńjìnì ṣì wà nílẹ̀. Ó wọ̀n ọ́n, ó yà á sínú ìwé, ó kọ nọ́ńbà ẹ́ńjìnì sábẹ́ àwòrán náà, ó sì lu òǹtẹ̀ sí i. Ẹ̀dà tèmi bá omi tó gbé ṣọ́ọ̀bù kẹta lọ. Tiyín kò bá omi lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin olùyẹ̀wò yín kò lè rí ojú àlẹ̀mọ́ yìí ní ọjọ́ Ẹtì yẹn, nítorí páìpù èéfín àti ògiri ọkọ̀ bò ó. Bí ẹ́ńjìnì kò bá jáde, kò sí ojú tó lè rí i.

Mo wá sí ọ́fíìsì yín ní ọjọ́ Ajé láti ní kí wọ́n bá mi wá fáìlì náà. Akọ̀wé tó wà nídìí tábìlì kò gbójú sókè. Ó ní, “Bàbá, ẹ lọ kọ̀wé.” Mo kọ ọ́ nìyí.

10. Ẹ̀bẹ̀ mi kò pọ̀. Kí ẹ mú fáìlì wágọ̀n yìí jáde. Bí àwòrán inú rẹ̀ bá bá ara irin mu, kí ẹ fi òòlù àti àmì àjọ yín tẹ nọ́ńbà náà padà sára ẹ́ńjìnì, nísàlẹ̀ níbi tí ẹ̀rọ ìfárin kò lè dé, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé ọkọ̀ pé ẹ́ńjìnì rẹ̀ àtìbẹ̀rẹ̀ ni, pé a tún un ṣe ni, a kò pààrọ̀ rẹ̀. Kí ẹ ṣí ìwé pupa kúrò, kí ẹ sì fún mi ní ìwé funfun tí n ó lẹ̀ sí ojú ibẹ̀ gan-an, kí àwọn tó ka ti àkọ́kọ́ lè ka èyí náà.

11. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló kù nínú ọjọ́ tí ẹ dá fún mi, mi ò sì lè fi í jókòó dúró de èsì. Nítorí náà, ohun tí n ó ṣe lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ nìyí. Ní ọjọ́ Ajé, n ó fi ọwọ́ ara mi yọ ẹ́ńjìnì náà. Mi ò ní í wa wágọ̀n wá, torí ẹ ti ní kó má rìn, èmi kì í sì í rúfin. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, èmi àti onílẹ́ètì yóò fi ọmọlanke ti ẹ́ńjìnì náà wá, a ó sì gbé e kalẹ̀ sórí pákó níwájú ilẹ̀kùn yín kí aago mẹ́jọ tó lù. Ẹ jẹ́ kí olùyẹ̀wò tó lẹ ìwé pupa náà wà níbẹ̀, òun gan-an ni kó wọ̀n ọ́n. N ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ lójú gbogbo ẹni tó bá wà nítòsí kí ó tó fi ọ̀pá ìwọ̀n kàn án, kó má baà dà bí ẹni pé èsì rẹ̀ ni mo ń dúró dè. Bí ó bá bá àwòrán yín mu, ẹ tẹ nọ́ńbà sí i, n ó tì í padà, yóò sì ti wà nínú wágọ̀n kí oòrùn tó wọ̀. Bí kò bá bá a mu, ẹ má wulẹ̀ rán ẹnikẹ́ni sí ṣọ́ọ̀bù mi. N ó bá yín gbé e wọ yàrá ẹrù yín fúnra mi.

Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ kà á, èmi ò fara balẹ̀ kọ ọ́.

Èmi ni tiyín títí di ọjọ́ Ìṣẹ́gun,

Bàbá Kòtà,
Ọ̀gá Mẹkáníìkì, Olùdásílẹ̀ Ṣọ́ọ̀bù Mẹ́rin.