Àdín Tí Mo Dà Sínú Ẹ̀rọ Yín

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Èmi ni mo da àdín sínú ẹ̀rọ táípù yín, kì í ṣe Bọ́lá. Ẹ̀rọ náà ń han, mo sì rò pé ohun tí Màmá fi ń kùn wá lára nígbà ọyẹ́ yóò tu òun náà lára. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, òtútù ti mú àdín dì, lẹ́tà kankan kò lè gbéra. Ẹ̀rù bà mí, mo ní àbúrò mi ni. Ẹ ní kó má fọwọ́ kan ẹ̀rọ náà mọ́ láé, òun tí ọwọ́ rẹ̀ yá níbẹ̀ ju tèmi lọ. Láti ọjọ́ náà, èmi lẹ ń pè láti tẹ ìwé ìjọ. Ṣé inú bí yín sí mi báyìí?

Ẹ jẹ́ kí n fún yín ní ìròyìn ayọ̀. Ọmọ mi fi kíbọọ̀dù kọ̀ǹpútà kan ránṣẹ́ sí mi, irú èyí tí bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan ní súwíìṣì tirẹ̀ lábẹ́. Ó ń dún ṣákáṣáká, etí mi kò gbà á. Bọ́lá wá láti Ọ̀rà, a jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yín, a ń tú súwíìṣì lọ́kọ̀ọ̀kan kí ariwo náà lè rọlẹ̀. Gíríìsì bíńtín la ó fi búrọ́ọ̀ṣì tẹ́ẹ́rẹ́ kùn sí ibi tí ike ti ń ha ike, a ó fi kan sípíríǹgì, a ó dè é padà. Mo ki tèmi jù, bọ́tìnnì wá ń lọ́ra bí ẹni tó yó iyán. Bọ́lá nù ún, ó fi mí rẹ́rìn-ín. Kó tó dán an wò, ó ti gèlè rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀, bí ẹ ṣe máa ń ti fìlà yín gẹ́lẹ́.

Bàbá, ìbá jẹ́ pé ẹ gbọ́ ọ! Tọ́-tọ́-tọ́, bí òjò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kán sórí ewé kòkó gbígbẹ. A ń tẹ ohun tí kò nítumọ̀, ẹ̀rín ń pa wá.

Nínú ẹ̀rín yẹn ni mo jẹ́wọ́ fún un.

“Bùọ̀dá mi, mo kúkú mọ̀. Àdín ń rùn lọ́wọ́ yín lọ́jọ́ náà débi pé ajá ń tẹ̀lé yín kiri.”

“Kí ló dé tó ò sọ?”

“Ta ni ì bá gbọ́ tèmi?”

Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Mo dìde lórí àga, mo ní kó bọ́ síbẹ̀. Mo gbé ìtàn ìjọ tí ẹ kò kọ tán kí ẹ tó fi wá sílẹ̀ láyé síwájú rẹ̀, mo dúró lẹ́yìn rẹ̀, mo ń kà á fún un kó máa tẹ̀ ẹ́. Kò pẹ́ tó fi ń pariwo pé kí n yára, ẹnu mi kò bá ọwọ́ òun mọ́.

Ọmọ yín ọkùnrin tó ṣì ń wù ú láti rí yín.