Ọjọ́ Tí A Lọ Wo Omi ní Kalba

Ọjọ́ Ajé, 4 Nòfẹ́ńbà 1996

Naif, ọjà aṣọ ní Dubai. Ooru ti ń rọlẹ̀ díẹ̀. Ọkọ̀ òkun tó máa kó ẹrù wa lọ sí Lagos kò tíì dé, a ṣì wà níbí. Màmá Yalla ra léèsì lónìí — ọwọ́ ló fi wò ó, kì í ṣe ojú. Ó ń fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó ń yẹ àgbàdo tútù wò. Nígbà tá a délé, ó kọlu páálí tó wà lójú ọ̀nà. Ó ní òkùnkùn pọ̀ jù níbẹ̀.

Iná wà ní títàn.

(Alhaja Asiat lorúkọ rẹ̀. Inú ìwé yìí nìkan ni mo ti ń pè é ní Màmá Yalla, torí "yalla", "ó yá" àwọn Lárúbáwá, ló fi ń lé gbogbo oníṣọ́ọ̀bù Naif síwájú bí adìyẹ.)

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5 Nòfẹ́ńbà

Màmá Yalla kí ère tí wọ́n wọ aṣọ fún lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Ẹ káàsán o. Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Inú mi ò dùn.

Ọjọ́rú, 6 Nòfẹ́ńbà

Mo fi ọgbọ́n mú un lọ sí ilé ìwòsàn. Mo ní èmi ni mo fẹ́ gba awò ojú, kó sìn mí lọ. Dókítà náà, obìnrin ará Íńdíà, ohùn tútù. Ó tan iná sí i lójú, ó pẹ́ níbẹ̀. Ó ní omi inú ojú ló ń ti ojú náà láti inú, ó sì ń pa ìríran rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ bọ̀ wá sí àárín. Ojú ọ̀tún ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán. Èyí tó ti lọ kò ní padà. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá tètè ṣiṣẹ́ abẹ sí ti òsì, èyí tó kù lè dúró.

Màmá Yalla dìde. Ẹ ṣeun, ó ní. Khalas, ó parí. Ẹnikẹ́ni ò ní fi irin kan òun lójú.

Nínú takisí, fèrèsé ló kọjú sí títí a fi dé Naif.

Obìnrin tó sọ mí di èèyàn nìyí. Nígbà tí ọkọ mi kú, tí mo jókòó sínú yàrá bí ẹrù tí wọ́n gbàgbé, òun ló wá kan ilẹ̀kùn. Ó ní kí n dìde, kí n wẹ̀, kí n tẹ̀lé òun lọ Ìdúmọ̀tà. Mùsùlùmí ni, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni mí. Kò tí ì yà wá rí.

Ọjọ́bọ̀, 7 Nòfẹ́ńbà

Jẹ́jẹ́ wá wọn páálí. Abdulsalam lorúkọ rẹ̀ gan-an, ará Ìlọrin, tó ń gbé Sharjah, tó ń bá wa kó ẹrù lọ síbi ọkọ̀ òkun. Ó ń wakọ̀ bí ẹni pé ẹyin wà nínú búùtù.

Ó ń sọ̀rọ̀ bó ṣe ń di okùn. Ó ní òun gbé ẹrù lọ sí Kalba lọ́sẹ̀ tó kọjá, létí òkun kejì, lẹ́yìn òkè. Igbó kan wà níbẹ̀ tó dúró sínú omi iyọ̀, gbòǹgbò rẹ̀ ń yọ láti inú ẹrẹ̀ bí ìka ọwọ́. Màmá Yalla gbé orí sókè. Ó bi í bóyá akàn wà níbẹ̀. Jẹ́jẹ́ ní, Màmá, ẹsẹ̀ yín máa tẹ̀ wọ́n ni. Ó bi í bóyá ẹrẹ̀ náà ń rùn. Jẹ́jẹ́ ní òun gbé gíláàsì ọkọ̀ sókè ni.

Màmá Yalla ní kó gbé wa lọ lọ́la. Jẹ́jẹ́ ní ó jìnnà. Ó ní Ẹpẹ́ tí wọ́n bí òun sí ló jìnnà.

Ọjọ́ Ẹtì, 8 Nòfẹ́ńbà

Ó ti rẹ̀ mí, ṣùgbọ́n tí mi ò bá kọ ọ́ báyìí, á bọ́ lọ́wọ́ mi.

Lẹ́yìn àsùbáà la gbéra. Màmá Yalla níwájú, èmi lẹ́yìn, Corolla àtijọ́. Lẹ́yìn Sharjah, yanrìn. Yanrìn funfun, lẹ́yìn náà yanrìn pupa bí ilẹ̀ ilé wa. Ràkúnmí ń rìn létí títì bí àgbàlagbà tí kò ní ibi tó ń kánjú lọ.

Dhaid. Mo ní kí Jẹ́jẹ́ dúró. Ọgbà dàbínù lọ́tùn-ún lósì, omi ń ṣàn ní poro láàárín wọn, ibòji tutù. Kì í ṣe ọ̀pẹ — àbúrò ọ̀pẹ ni. Mo fọwọ́ kan ara igi, mo sì bá ara mi nínú àbàtà ilé wa lẹ́bàá Òkìtìpupa: Bàbá níwájú, ọ̀bẹ lọ́wọ́, akèrègbè léjìká, ó ń lọ dá ọ̀gọ̀rọ̀. Omi dé orúnkún mi. Bàbá kò lé mi padà. Tó bá gbé ti òwúrọ̀ kalẹ̀, á da díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ mi, ìfófòó ń ho lórí rẹ̀. Oyin ni ẹmu òwúrọ̀ kó tó kan. Gbogbo ilẹ̀ ibẹ̀, ẹmu ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n — ènìyàn á gba ojú omi lọ láti abúlé sí abúlé, wọ́n á máa fi igbá nà án sí i.

Mo bi Jẹ́jẹ́ bóyá wọ́n ń dá ẹmu lára igi wọ̀nyí. Ó bojú wẹ̀yìn. Ó ní, Ẹ̀gbọ́n, Sharjah la wà o, ẹ̀wọ̀n ni ọtí níbí. Màmá Yalla tí kò fẹnu kan ọtí rí ló rẹ́rìn-ín jù. Ó ní nígbà tóun wà ní kékeré, àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi máa ń gbé ọ̀gọ̀rọ̀ kọjá níwájú ilé wọn, òórùn rẹ̀ á ti dé kí ọkọ̀ tó yọ. Ìyá wọn á ní kí àwọn ọmọ di imú. Wọn kì í di í.

Òkè. Òkúta lásán, kò sí koríko. Ọjà létí títì ní Masafi — ẹní, ìkòkò, ọsàn. Àwọn méjèèjì kírun Jímọ̀ níbẹ̀, èmi ń ṣọ́ bàtà. Lẹ́yìn náà ọ̀nà ń sọ̀kalẹ̀, ń sọ̀kalẹ̀, òkun yọ.

Igbó náà wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ewé tútù nínú omi iyọ̀. Akàn ń sá wọ ihò. Lékeelékee. Kí n tó ṣílẹ̀kùn ọkọ̀ ni Màmá Yalla ti fa èémí sínú: ó ní òórùn ẹ̀yìnkùlé àwọn nìyí. Ó bọ́ bàtà, ó di ọwọ́ mi mú, ó wọ inú omi dé ọrùn ẹsẹ̀.

Ó bi mí pé kí ló wà lápá ọ̀tún òun. Mo ní ọkọ̀ apẹja kan ni, wọ́n kùn ún ní búlúù.

"Mi ò rí i," ó ní.

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa tẹnu rẹ̀ jáde. Jẹ́jẹ́ rìn jìnnà sí wa, ó ṣe bíi pé ó ń wo táyà.

Ó wá sọ ọ́. Ojú ìyá rẹ̀ ṣú nígbà tóun wà lọ́mọge. Ọkùnrin kan máa ń ti òkè wá tó ń fi abẹ́rẹ́ ṣí ojú àwọn àgbà. Ìyá rẹ̀ jókòó sílẹ̀ níwájú ilé, ọkùnrin náà gún ojú rẹ̀. Fún ọjọ́ díẹ̀ ìyá rẹ̀ ríran, ó ń pe àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan kó lè wo ojú wọn. Lẹ́yìn náà ojú wú, ó sì kú pátápátá.

"Èmi ni mo bá a di orí ẹ̀ mú, Bùnmi."

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú gírígírí. A dúró bẹ́ẹ̀.

Òun ló kọ́kọ́ rí ẹyẹ kan. Ó yí orí díẹ̀díẹ̀ títí ó fi bọ́ sí àárín, níbi tí ojú òsì rẹ̀ ṣì ti dá. Lórí ẹ̀ka: ẹ̀yìn bí ojú ọ̀run òwúrọ̀, ọrùn funfun, ẹnu gbọọrọ. Ó já wọ inú omi, ó gbé akàn jáde. Màmá Yalla kò gbé ẹsẹ̀ títí etí ìró rẹ̀ fi rin. Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún.

Nígbà tá à ń padà, a kọjá Dhaid. Ó wá ní kí n bá òun bi dókítà yẹn: ṣé abẹ́rẹ́ ni àbí ọ̀bẹ?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9 Nòfẹ́ńbà

Mo bi í. Ọ̀bẹ ni. Mo rò pé ó ti bà jẹ́ nìyẹn. Màmá Yalla ní ó dáa, abẹ́rẹ́ lòun ń bẹ̀rù.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12 Nòfẹ́ńbà

Wọ́n ti gbé e wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Mo wà níta. Jẹ́jẹ́ gbé tíì wá, kò sì lọ síbi iṣẹ́ mọ́.

Ọjọ́rú, 13 Nòfẹ́ńbà

Ó lọ dáadáa. Ti ọ̀tún ti lọ. Ti òsì máa dúró, tó bá ń lo oògùn rẹ̀. Wosilat ọmọ rẹ̀ bú sẹ́kún lórí fóònù láti Lagos. Màmá Yalla ní kó lọ sunkún lẹ́yìn fóònù, owó ìpè ń lọ.

Ọjọ́ Ajé, 18 Nòfẹ́ńbà

Èmi nìkan ní Naif, ọjà tèmi àti tirẹ̀. Oníléèsì ń bi mí ibi tí Màmá wà: Mama kahan? Mo ní ó ń sinmi. Mo gbọ́ tí ẹnu mi ní yalla. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Ó kù díẹ̀ kí n sunkún sórí léèsì rẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 22 Nòfẹ́ńbà

Ọ̀la ló ń lọ. Mò ń to àpótí rẹ̀, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Ó ní òun ò ní wá sí Dubai mọ́. Ilé ìyá òun ní Ẹpẹ́ ṣì dúró, ó kọjú sí ọ̀sà. Òun máa tún òrùlé rẹ̀ ṣe, kóun máa wo omi. Mo ní a ṣì máa padà lọ sí Kalba. Ó ní rárá. Kalba dára, ṣùgbọ́n ilé onílé ni.

Ó wá bi mí ìgbà tí mo rí Bàbá kẹ́yìn. Mo ní Bàbá wà, wọ́n ní kò lè dá ẹmu mọ́, mò ń fi nǹkan ránṣẹ́ sí i. Ó ní nǹkan kọ́ lòun bi mí. Mò ń ká aṣọ kan náà ṣáá.

"Ojú tèmi ló ń lọ, Bùnmi. Tìẹ ṣì wà níbẹ̀. Kí lò ń fi í wò?"

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 23 Nòfẹ́ńbà

Ó ti lọ. Wọ́n gbé àga onítáyà wá fún un ní pápákọ̀ òfurufú, ó kọ̀ ọ́. Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi wọlé.

Mi ò padà sí Naif. Mo lọ yí tíkẹ́ẹ̀tì mi padà. Jẹ́jẹ́ ní, Ẹ̀gbọ́n, ọjà Kérésì ni gbogbo yín fi ọdún dúró dè. Mo ní mo mọ̀. Ó máa bá mi kó ẹrù náà sọ́kọ̀ nígbà tó bá dé, Wosilat á gbà á ní Lagos.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mò ń gbéra. Lagos, Ọ̀rẹ̀, Òkìtìpupa, lẹ́yìn náà ọkọ̀ ojú omi. Mi ò ránṣẹ́ ṣáájú. Mo fẹ́ kí Bàbá wà lẹ́nu ọ̀nà, kó gbójú sókè, kí n máa rìn bọ̀.