Ìyàwó Tí Mo Bá Lẹ́nu Ọ̀nà Rẹ

Bánjọ ọmọ mi,

Ó tó ọjọ́ mẹ́ta tí mo ti fojú kàn ọ́. Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé iṣẹ́ ìjọba kò wọ̀ ọ́ lọ́rùn jù? Ọlọ́run tó kó wa kúrò ní Kàbà dé Bwari kò ní fi ọ́ sílẹ̀ ní Life Camp, ibi kò ní mọ ilé rẹ. Àmín. Èmi náà wà láàyè, eékún mi nìkan ló ń ṣe bí ẹni tí kò fẹ́ bá mi rìn mọ́. Ewúrẹ́ Sàídátù aládùúgbò wa ti jẹ gbogbo ewé ẹ̀gẹ́ mi tán, mi ò sì lágbára ìjà.

Má bínú pé lẹ́tà ni mo kọ, fóònù tó o rà fún mi ló sú mi. Ti àtijọ́ ní bọ́tìnnì, bí mo bá ti tẹ̀ ẹ́, ó ń gbọ́. Ojú tuntun yìí dán bíi dígí, bó o bá pè, màá fi àtàǹpàkò ra á lójú títí tí yóò fi dákẹ́, kò ní mọ̀ pé mo fọwọ́ kan òun, nítorí oko ti sọ ọwọ́ mi di igi. Òun ló jẹ́ kí n fẹsẹ̀ ara mi wá sọ́dọ̀ rẹ ní Sátidé.

Bánjọ, o fẹ́yàwó, o kò sọ fún mi.

Mo gbé iṣu dé ẹnu ọ̀nà rẹ, iná kékeré kan tàn lára nǹkan dúdú tó wà lára ògiri, ni ohùn obìnrin bá jáde níbẹ̀. Kò kí mi. Mo dúró kó kọ́kọ́ kúnlẹ̀ nínú ilé níbẹ̀, kó ní ẹ káàbọ̀ mà, torí ìyá ọkọ kì í kọ́kọ́ kí ìyàwó. Òyìnbó ló ń sọ, ó ní kí n sún mọ́ òun kí n wojú òun. Èmi! Mo gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó lè rántí ara rẹ̀. Ó tún un sọ, kò bínú, bẹ́ẹ̀ ni kò bẹ̀bẹ̀. Nígbà tó yá, ó ní òun kò mọ̀ mí.

Mẹ́gádì ilé kejì ní kai, Mama, kò sí ènìyàn níbẹ̀, ẹ̀rọ ni. Ó ní wọn kì í tẹ nǹkan kan mọ́ láyé ìsinsìnyí, wọn kì í tilẹ̀ fọwọ́ kàn án, ojú lásán ti tó. Mo mọ̀ pé ó fẹ́ bo àṣírí rẹ ni, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó rẹ̀ mí gan-an, mo jókòó lórí àpò iṣu. Ibẹ̀ ni Jàbárù alágbàfọ̀ rẹ ti bá mi. Ó kàn gbójú sókè ni, obìnrin yẹn kí i, ó dárúkọ rẹ̀, géètì sì ṣí. Jàbárù ní o kò sí nílé, o sì ti kìlọ̀ fún òun pé òun kò gbọdọ̀ mú ẹnikẹ́ni wọlé. Mo gbé iṣu fún mẹ́gádì, mo sì wọkọ̀ padà sílé.

Mi ò bínú nítorí ìyàwó. Mú un wá kí n rí i, màá dáná fún un. Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi ra ìpara eékún, kó sì ku èyí tí màá fi wọkọ̀ tó o bá ní kí n tún wá. Olúwa yóò fẹsẹ̀ ilé yín múlẹ̀, ẹ kò ní sunkún ara yín.

Ohun kan ṣoṣo ló ń dùn mí. Ó mọ alágbàfọ̀ rẹ. Ṣé o kò tíì sọ fún un pé o ní ìyá ni?

Èmi ni ìyá rẹ,
Lydia Ọbayẹmí