Fọ́tò Tí Káyọ̀dé Ní Kí N Ya Òun

Ọjọ́rú, Akínyẹlé

Káyọ̀dé àbúrò mi, tí kì í fẹ́ ya fọ́tò rárá, ló wá bá mi nírọ̀lẹ́ yìí. Ó ti wẹ̀, ó wọ sùtánà funfun. Lọ́la lòun àtàwọn ọdẹ máa wọgbó lọ wá àwọn ajínigbé tó ń dààmú oko wa.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ yà mí. Kí ojú mi hàn dáadáa."

Bí àwọn sójà ṣe máa ń sọ ọ́ gẹ́lẹ́ nìyẹn, lójú ogun tí mo ti ń ya fọ́tò fún ìwé ìròyìn. Púpọ̀ nínú wọn, fọ́tò yẹn náà ni wọ́n gbé síwájú pósí wọn.

Mo purọ́ pé bátìrì kámẹ́rà ti kú.

Ó rẹ́rìn-ín. "Kò burú. Mo ti ya ọ̀kan ní Ṣáṣá lánàá. Ó wà lọ́wọ́ Màmá."