Kì í Ṣe Àríkẹ́ Ló Ń Pè Mí

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 25 Oṣù Kẹta 1978

Kílò 130. Mo gun òṣùwọ̀n àpò ní ibi iṣẹ́ mi ní Ìjọra nígbà tí àwọn alábàárù lọ jẹun. Ọjọ́ tí mo wọ ilé ìwòsàn, 141 ni mí. Kílò mọ́kànlá láàárín ọjọ́ méjìdínlógún. Àríkẹ́, ibo ni gbogbo rẹ̀ gbà lọ?

Mo ti ṣe é. Ohun tí o fi ọdún méjì bẹ̀ mí sí. Dókítà Ọláolú, tí o máa ń ròyìn rẹ̀ bí o bá ti ibi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì dé, òun ló là mí níkùn ní ilé ìwòsàn rẹ̀ kékeré ní Yábàá. Ó dí apá tó pọ̀ jù nínú àpòlúkù mi. Ó ní èyí tó ṣẹ́ kù kò ju ẹyin adìẹ lọ. Èmi tí mo máa ń jẹ iyán ẹni mẹ́ta! Ṣíbí ògì mẹ́rin lónìí, mo yó.

Kò sí ẹni tó mọ̀. Mo sọ fún àwọn ará ilé pé iṣẹ́ gbé mi lọ sí Kánò. Mo sọ fún àwọn ará ibi iṣẹ́ pé mo lọ sílé. Kí ni ǹ bá wí? Ìyàwó kò tíì pé oṣù mẹ́fà nílẹ̀, ọkọ ti lọ gé ikùn kí ara rẹ̀ lè fúyẹ́. Wọn á ní ìyàwó tuntun ni mò ń múra sílẹ̀ fún. Ẹnu àwọn ènìyàn rẹ gan-an ni mò ń bẹ̀rù.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí a sin ọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́, n kò lè rìn dé ibojì. Àga ni wọ́n gbé fún mi sẹ́bàá ọ̀nà. Mo gbọ́ orin. N kò rí ọ nígbà tí wọ́n gbé ọ sọ̀kalẹ̀. Àràmídé ọmọ wa dúró tì mí, ó ń fi ìwé orin fẹ́ mi. Ọmọ ọdún mẹ́jọ. Mo wò ó, mo ní: bí èmi náà bá lọ ńkọ́?

Ọjọ́ Àìkú, 26 Oṣù Kẹta

Àjíǹde. Mo de okùn bàtà mi fúnra mi. Ìwọ ni o máa ń dè é. Mo tú u, mo tún un dè.

Ọjọ́rú, 29 Oṣù Kẹta

Mo dán ẹyọ ẹran kan wò. Ẹran náà ló borí. Mo bì í.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 1 Oṣù Kẹrin

127. Sàlíhù, olórí àwọn alábàárù, ká mi mọ́ orí òṣùwọ̀n. Ó ní, "Ọ̀gá, àpò ẹ̀kùrọ́ ni yín ni?" Mo ní mò ń yẹ òṣùwọ̀n wò ni. Ó tẹjú mọ́ nọ́ńbà. Ó ní ọjọ́ tí wọ́n gbé òṣùwọ̀n yẹn dé, tí mo gùn ún, ṣe ni òun rò pé abẹ́rẹ́ rẹ̀ máa kán. Ó rẹ́rìn-ín títí. Ìgbà tó yá, ẹ̀rín náà kúrò lójú rẹ̀. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa jẹun. Ẹni tó kú ti kú."

Mo sọ̀ kalẹ̀, mo ní kí ó gbé àpò tó kàn wá.

Ọjọ́ Ẹtì, 7 Oṣù Kẹrin

Rosaline tó wà ní yàrá kejì gbé ọbẹ̀ ẹja wá. O mọ̀ ọ́n — ó dúró lé mi lórí bíi sọ́jà. Ṣíbí mẹ́ta, inú mi kún. Ó gba ṣíbí náà. "Bàbá Àràmídé, ṣé àwẹ̀ lẹ ń gbà ni, àbí ẹ̀ ń bá Ọlọ́run jà?" Mo ní kò sí ọ̀kan níbẹ̀. Kí n tó sọ ọ́ tán, omi ti bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní òun kò rí ọkùnrin tó fẹ́ràn aya tó báyìí rí. Pé bí òun bá kú láàárọ̀, ọkọ òun á bèèrè oúnjẹ ọ̀sán.

Ó ṣe mí bíi kí n rẹ́rìn-ín. Ojú abẹ kò jẹ́.

Àríkẹ́, ìyìn tí kì í ṣe tèmi ni mò ń gbà. Mo fẹ́ràn rẹ, o mọ̀. Mo máa ń sunkún rẹ ní balùwẹ̀ kí ọmọ má baà rí mi. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìfẹ́ ló gba ọbẹ̀ yẹn lẹ́nu mi. Ọwọ́ Dókítà ni.

Ọjọ́ Ajé, 10 Oṣù Kẹrin

Lọ́dọ̀ Dókítà. 124. Mo bi í bóyá eré tí mo fi ń rù yìí kò ti pọ̀ jù. Ó ní rárá. Ó ní ọkùnrin máa ń yára rù ju obìnrin lọ níbẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ abẹ yìí, nítorí iṣan pọ̀ lára wa, iṣan ló sì ń jó ọ̀rá bí igi gbígbẹ. Oṣù kìn-ín-ní, eré ni. Oṣù kejì, ìrìn kíákíá. Tó bá di oṣù kẹfà, ìrìn àgbàlagbà. Bí ọdún bá fi máa yípo, á dúró fúnra rẹ̀. Ó fún mi ní oògùn tí mo gbọ́dọ̀ máa lò lójoojúmọ́. Ó ní kí n máa kọ́kọ́ jẹ ẹyin tàbí ẹja kí n tó fọwọ́ kan ẹ̀kọ.

Nígbà tí mò ń bọ̀, mo sọ̀ nínú ọkọ̀ ní Ìgánmú, mo fi ẹsẹ̀ rìn délé ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó. N kò jókòó sinmi lẹ́ẹ̀kan. Ìwọ lo yẹ kí o rí mi. Erin rẹ ń rìn bí ẹtu.

Ọjọ́ Àìkú, 16 Oṣù Kẹrin

Díákónì Ọláníyì pè mí síwájú ìjọ, ó gbàdúrà lé mi lórí. Ó ní kí àwọn ọkọ wò mí, kí wọ́n kọ́ ẹ̀kọ́. Gbogbo ìjọ wò mí. Ṣòkòtò fẹ́ já bọ́ nídìí mi. Mo fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú lábẹ́ agbádá. Wọ́n rò pé ìbànújẹ́ ni. Àwọn ìyá bú sẹ́kún.

Ojú tì mí dé ilé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22 Oṣù Kẹrin

120. Sàlíhù kò ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Ó ní ìyàwó òun ń bá mi gbàdúrà ní gbogbo ìrun.

Ọjọ́bọ̀, 27 Oṣù Kẹrin

Ìyá rẹ dé. Kò ránṣẹ́ ṣáájú. Ẹnìkan láti ìjọ ló lọ ròyìn mi ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ó gbé ẹrù sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. "Àkàngbé, ìwọ dà?"

Mo dọ̀bálẹ̀. O rántí bí mo ṣe máa ń ṣe é tẹ́lẹ̀ — orúnkún kan, a sinmi, orúnkún kejì, kí o tó wá fà mí dìde. Lónìí mo na gbalaja, mo sì dá dìde. Mo rò pé inú rẹ̀ á dùn. Ṣe ló fi ìborùn bo ojú.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 29 Oṣù Kẹrin

Ó fẹ́ mú Àràmídé lọ.

Ó sọ ọ́ lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, ohùn rẹ̀ tutù. Ó ní òun ti bá ọ̀gá ilé-ìwé kan sọ̀rọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, pé Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé èyí tó ń bọ̀ yìí làwọn máa lọ. "Kí ìwọ náà tó lọ," ó ní. Ó ní òun ti rí irú rẹ̀ rí. Ọ̀jẹ̀túndé ní àdúgbò wọn: ìyàwó rẹ̀ kú, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ, oṣù kẹjọ wọ́n sin ín tì í. Ó ní òkú tó bá fẹ́ràn ọkọ jù a máa padà wá pè é. Mo ní, Màámi, ara mi le. Ó ní bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni Ọ̀jẹ̀túndé wí.

Ọ̀rọ̀ dé ọ̀nà ọ̀fun mi. Mo gbé e mì. Bí mo bá dákẹ́, á mú ọmọ lọ nítorí pé mò ń kú. Bí mo bá sọ òótọ́, á mú un lọ nítorí pé mò ń wá ìyàwó. Ojo ni ọkọ rẹ, Àríkẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2 Oṣù Karùn-ún

Ó ń ka ṣíbí mi. Mẹ́fà lónìí. Ó ní, "Adìẹ ń jẹ jù báyìí lọ."

Ọjọ́ Ẹtì, 5 Oṣù Karùn-ún

Mò ń fá irùngbọ̀n láàárọ̀ yìí nígbà tí Àràmídé wọlé, ó rọra ti ilẹ̀kùn. "Dádì, ṣé òótọ́ ni pé Mọ́mì ló ń fa ẹran ara yín?"

Mo bi í ta ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní òun gbọ́ àdúrà Màmá Àgbà. Àràárọ̀ ló ń gbà á: "Àríkẹ́, tú u sílẹ̀. Àríkẹ́, fi í sílẹ̀ fún ọmọ rẹ." Ó wá sún mọ́ mi, ó ń sọ ọ́ ní jẹ́jẹ́: "Èmi ò dárúkọ wọn mọ́ tí mo bá ń gbàdúrà. Kí wọ́n má baà gbọ́ kí wọ́n wá."

Mo ní rárá o, kì í ṣe Mọ́mì. Ó ní, "Kí ló wá ń ṣe yín?"

Mo gbé e mọ́ra. Ọṣẹ ojú mi bá a lórí. Mo ní kí ó fún mi di ọ̀la.

Àríkẹ́, dárí jì mí. Mo rò pé irọ́ mi kò pa ẹnikẹ́ni lára. Ìwọ ló ń pa lára. Ẹni tó wẹ ọmọ yẹn, tó dì í nírun, mo ti jẹ́ kí ó di ohun ẹ̀rù lójú rẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6 Oṣù Karùn-ún

N kò lọ sí Ìjọra. Mo pe ìyá rẹ wọ yàrá. Mo bọ́ ẹ̀wù. Ojú abẹ náà ti àyà wá dé ìdodo, ó ṣì pọ́n díẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀: Dókítà, Yábàá, irọ́ Kánò. Mo ní, "Màámi, bí ẹ bá rò pé ìyàwó ni mò ń wá, ẹ máa mú ọmọ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ má pe Àríkẹ́ ní apani mọ́."

Ó fi ìka lé orí ojú abẹ náà, ó fà á wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń kàwé. Ó dé ìsàlẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Àkàngbé," ó ní, "àárọ̀ mẹ́ta ni mo fi lọ sí ibojì rẹ̀ kí n tó wá. Mo bú u. Mo ní onímọ̀-tara-ẹni-nìkan ni. Mo ní bí kò bá tú ọ sílẹ̀, kì í ṣe èmi ni mo bí i."

Lẹ́yìn náà ó fa ìborùn yọ, ó fi nà mí lẹ́yìn — ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta. "Ikùn ni wọ́n gé fún ọ, àbí wọ́n gé ahọ́n mọ́ ọn?"

Mo gba pàṣán náà tayọ̀tayọ̀. Mo tún dárúkọ ọ̀rọ̀ ìyàwó, nítorí ẹ̀rù rẹ̀ kò tíì tán lára mi. Ó ní, "Ìyàwó wo? Pẹ̀lú awọ tó rọ̀ jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀ yìí? Jẹ́ kí ara rẹ kọ́kọ́ fà ná!" Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín di ẹkún. A jọ sun ún, èmi àti òun, lọ́sàn-án gangan. A kò tíì jọ sunkún rẹ rí.

Ọjọ́ Ajé, 8 Oṣù Karùn-ún

Ìyá rẹ ní òun kò gba ọ̀rọ̀ ẹnu mi gbọ́ mọ́, kí n mú òun lọ bá Dókítà. 117. Ó bi í pé, "Ọmọ mi, ṣé bó ṣe máa gbẹ títí tó fi máa tán nìyí?" Dókítà kò fi í rẹ́rìn-ín. Ó ṣàlàyé fún un bí ó ti ṣàlàyé fún mi: eré, ìrìn kíákíá, ìrìn àgbàlagbà, ìdúró. Ìyá rẹ ní kí ó kọ ọ́ sílẹ̀ ní Yorùbá, kí ó sì fọwọ́ sí i, òun máa kà á fún àwọn tó gbé ìròyìn wá bá òun.

Dókítà ń kọ ọ́ lọ, ó gbójú sókè. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì Àríkẹ́ ni mo kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ Àkàngbé lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló wá bá mi nítorí yín. Ó ní bí òun kò bá sí, kí n má ṣe gbàgbé yín."

N kò mọ̀, Àríkẹ́. O kò sọ fún mi.

Ìyá rẹ ká ìwé náà, ó fi sí àyà.

Ọjọ́rú, 10 Oṣù Karùn-ún

Ìyá rẹ sun oorun ọ̀sán. Ó ń hanrun. Ilé tù wá lára.

Ọjọ́bọ̀, 11 Oṣù Karùn-ún

Ẹrù kan ṣoṣo ló dì. Tirẹ̀.

Kí ó tó wọ ọkọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi ṣe déédéé ti Àràmídé. Ó ní, "Gbọ́ mi dáadáa. Irọ́ ni mo pa mọ́ ìyá rẹ. Kò ṣe bàbá rẹ ní nǹkan kan. Dókítà ló ń wò ó sàn. Èmi àgbà yìí ni mo ṣì í sọ. Ibojì rẹ̀ ni mò ń lọ tààrà. Mò ń lọ bẹ̀ ẹ́."

Àràmídé wò mí. Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ọmọ náà ń fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ kọ ilẹ̀. Dírẹ́bà ti ń pariwo pé kí màmá wọlé. Ìgbà tí ọkọ̀ máa ṣí ló tó sáré lọ bá fèrèsé.

"Màmá, tí ẹ bá débẹ̀, ẹ bá mi kí Mọ́mì. Ẹ ní èmi àti Dádì wà ńlé."